Lẹ́tà Mélòó Ló Wà Nínú Ọ̀yọ́?

Kí ẹ tó bá mi lọ síwájú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn ìbéèrè kan: lẹ́tà mélòó ló wà nínú orúkọ ìlú Ọ̀yọ́? Ẹni tí ó bá ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì kíláàsì kìn-ín-ní rí yóò ní mẹ́ta ni, kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn ènìyàn kan ní Ìtòrí tí orí wọn pé, tí wọn kò mu ọtí, tí wọ́n fi ìbéèrè yìí jà láti ìgbà tí oòrùn wà lókè títí àwọn alákàrà fi tan àtùpà wọn. Ọ̀kan ní mọ́kànlá ni. Èkejì ní márùn-ún ni. Ẹ̀kẹta ní àwọn méjèèjì ló gbà á, àmọ́ wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń kà. Èdè ló dá ìjà náà sílẹ̀. Kì í ṣe èdè Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì o, bí kò ṣe àwọn èdè tí a fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Èmi tí mo ń kọ́ nípa èdè ní yunifásítì ni mo sì gbé ìbéèrè náà ka iwájú wọn.

Ìtòrí ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ewékorò ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, lójú ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta. Ẹni tí ó ń kọjá lọ kò ní rí ju àwọn tírélà símẹ́ńtì tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ìjàlọ, nítorí pé òkúta ẹfun pọ̀ nínú ilẹ̀ wa, láti ọdún 1960 ni wọ́n sì ti ń lọ̀ ọ́ ní Ewékorò. Ọkọ̀ ojú irin tuntun tí ó ń ná Èkó sí Ìbàdàn láti ọdún 2021 a máa dúró ní Papalántò, kò jìnnà sí wa. Kò sí ẹni tí yóò wo eruku wa kí ó sọ pé ibi tí wọ́n ti ń jiyàn lórí èdè kọ̀ǹpútà nìyí. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ garéèjì, Bọ̀dá wa kan ní ṣọ́ọ̀bù kan síbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, tí wọ́n ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tí wọ́n sì ń bá àwọn ènìyàn kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ iṣẹ́. Bí mo bá wálé fún ìsinmi, ibẹ̀ ni ẹ ó ti bá mi.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni àwọn kòkòrò kọ̀ǹpútà tí ń gbé inú fílááṣì àwọn oníbàárà wọ ṣọ́ọ̀bù náà, tí wọ́n sì ba gbogbo iṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bọ̀dá bínú, ó nu gbogbo kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì gbé Linux lé wọn lórí. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, Linux ni ètò ìpìlẹ̀ kan tí ń darí kọ̀ǹpútà, òun ni ó ń sọ fún irin àti wáyà inú rẹ̀ ohun tí wọn yóò ṣe. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Helsinki. Ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni ó kéde rẹ̀ fún ayé, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni nígbà náà, kò ju àwa tí a ń ka ìwé yìí lọ. Ohun tí ó mú kí ó yàtọ̀ ni pé ẹnikẹ́ni lè ṣí inú rẹ̀ wò, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fi fún aládùúgbò rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Oríṣiríṣi ìdílé ni ó wà nínú rẹ̀. Èyí tí Bọ̀dá ń lò ń jẹ́ Ubuntu, Mark Shuttleworth ọmọ Gúúsù Áfíríkà ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 2004. Ọ̀rọ̀ àwọn Súlú àti àwọn Xhosa ni orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí ohun tí àwa ń sọ nígbà tí a bá ní ènìyàn laṣọ mi. Títí di ọdún 2011, bí o bá kọ̀wé sí wọn, wọn a fi àwo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ lọ́fẹ̀ẹ́ láti òkè òkun.

Ohun tí a kò rà, kò sí ẹni tí a ó gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ bá nígbà tí ó bá kọ iṣẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn ará Linux fi dà bí àwọn ọdẹ: ojú ipasẹ̀ ni wọ́n ń wò. Mo ra laptop àlòkù kan, a gbé Linux lé e lórí, kò sì rí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹlòmíràn ì bá pa á kí ó tún un tàn, kí ó sì máa gbàdúrà. Bọ̀dá ní, "Bi í léèrè. Ẹ̀rọ kì í pa irọ́, àwa ni a kì í gbọ́." Ó tẹ ọ̀rọ̀ kúkurú kan, dmesg, kọ̀ǹpútà náà sì tú gbogbo ohun tí ó ti rí láti ìgbà tí ó ti jí sílẹ̀, ìlà lórí ìlà. Láàárín wọn ni ó ti sọ pé òun ń wá fáìlì kan fún ẹ̀rọ aláìlówáyà inú òun, òun kò rí i. A fi wáyà so fóònù mi mọ́ ọn, a fa fáìlì náà wálẹ̀, ó tán. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ènìyàn tí Bọ̀dá jẹ́ kí a tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Àwọn mẹ́ta ni olórí àríyànjiyàn náà. Bọ̀dá ni ti C, èdè tí Dennis Ritchie ṣe ní Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, tí wọ́n sì fi kọ Linux fúnra rẹ̀. Àǹtí kan tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní iléèwé gíga ni ti Python, èyí tí Guido van Rossum ọmọ ilẹ̀ Netherlands gbé jáde ní ọdún 1991. Ẹ̀kẹta jẹ́ àbúrò wa kan tí ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Rust ni tirẹ̀, èdè tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó gúnlẹ̀ jáde ní ọdún 2015. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìwà àwọn èdè wọ̀nyí, mo lè sọ ọ́ báyìí. C yóò fún ọ ní àdá, kò sì ní bi ọ́ bí ẹsẹ̀ rẹ bá wà lójú ọ̀nà. Rust dà bí ìyá àgbà tí kò ní jẹ́ kí o jáde nílé títí yóò fi rí i pé o ti de gbogbo bọ́tìnnì rẹ. Ìwọ yóò pẹ́ délé àpèjẹ, ṣùgbọ́n aṣọ kì yóò ṣí lára rẹ níbẹ̀. Python ni ọ̀rẹ́ tí ń gbọ́ ohun tí o fẹ́ wí kí o tó wí i tán, àmọ́ bí iṣẹ́ bá wúwo, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa fà nílẹ̀.

Kì í ṣe Ìtòrí nìkan ni ìjà yìí wà o. Linux kò tíì pé ọdún kan tí Andrew Tanenbaum, olùkọ́ yunifásítì kan ní Amsterdam, fi kọ̀wé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1992 pé ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ ọ ti di ti àtijọ́. Ọmọdékùnrin Torvalds kò sì gbà, ó dá a lóhùn gidi. Ní ọdún 2007, Torvalds yìí kan náà fi ọ̀rọ̀ líle kọ èdè C++ lójú gbogbo ènìyàn. Ẹnu sì ya ọ̀pọ̀ nígbà tí wọ́n gba Rust wọlé sínú Linux 6.1 ní oṣù kejìlá ọdún 2022, torí pé láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, C ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ nínú ilé náà. Láti ìgbà náà ni ìjà ti ń ṣẹ̀ láàárín àwọn àgbà tí kò fẹ́ kí a kọ́ wọn ní èdè tuntun lọ́jọ́ alẹ́ àti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ní ilé ń jò, C ló sì jẹ́ kí ó jò. Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ ni mo ń rẹ́rìn-ín, nítorí mo ti gbọ́ irú rẹ̀ rí láàárín àwa oníwèé Yorùbá, lórí bóyá ẹiyẹ ni a ó máa kọ tàbí ẹyẹ.

Èyí tí ó kàn mí gan-an nìyí. Fún iṣẹ́ àṣekágbá mi, mo ń kó àwọn ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbá jọ láti ẹnu àwọn àgbà ní Ìtòrí àti àwọn abúlé tí ó yí i ká: orúkọ oúnjẹ, orúkọ ohun èlò, orúkọ àwọn ewéko tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀ mọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ gbà dé ọwọ́ mi. Àkọ́kọ́ ni èyí tí èmi fúnra mi tẹ̀, pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tí ó wà nínú Linux. Wọ́n ṣe ti Haúsá àti ti Ígbò síbẹ̀ pẹ̀lú. Èkejì ni èyí tí ọmọ kíláàsì mi kan tẹ̀ sórí fóònù rẹ̀. Ẹ̀kẹta ló pọ̀ jù, tí ó sì dára jù: ti Bàbá Tíṣà. Bàbá yìí ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ṣáájú kí wọ́n tó bí mi. Ó ti ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ sínú ìwé kíkọ rẹ̀ láti ìgbà èwe. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ kan fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún un, ó jókòó tì í lójoojúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, ó ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́, títí ó fi tẹ ọ̀rọ̀ tí ó lé ní ẹgbẹ̀rin, pẹ̀lú àmì ohùn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Mú un lọ, kí o sì jẹ́ kí n rí i ní ìwé kí n tó kú."

Mo da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú fáìlì kan. Mo ní kí kọ̀ǹpútà kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ fún mi. Ó kó wọn. Kò sí ẹyọ kan ṣoṣo ti Bàbá níbẹ̀. Mo wá ẹ̀kọ, mo rí tèmi, kò rí ti ọ̀rẹ́ mi, kò rí ti Bàbá, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń fi ojú mi wo ẹ̀kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n jọra bí ìbẹta. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ẹnì kan tí ó wá tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó níbẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ mi, ó ní, "Ṣé ẹ ò kúkú yọ gbogbo àmì yẹn kúrò ni? Ta ló ń kà á?" Mo wò ó. Bí a bá yọ àmì kúrò, ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń ro oko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀ lọ sí Èkó, ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun, àti oko fúnra rẹ̀, gbogbo wọn yóò di ọ̀kan náà, pẹ̀lú òmíràn tí n kò ní kọ síbí nítorí ọ̀wọ̀ àwọn olùkọ́ wa. Ìwé ọ̀rọ̀ wo ni yóò kù?

Àǹtí ni ó kọ́kọ́ dìde sí i. Ó ṣàlàyé pé kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ló mọ̀. Ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Unicode ni ó fún gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu ni pé é àti è ní nọ́ńbà tiwọn gẹ́gẹ́ bí odidi, nítorí pé àwọn ará Yúróòpù ti ń lò wọ́n, àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ sì ti mọ̀ wọ́n. Ẹ àti ọ náà ní nọ́ńbà tiwọn, àmọ́ ẹ má ṣe yọ̀ jù: àárín àwọn lẹ́tà tí wọ́n tò sílẹ̀ fún èdè Vietnam ni wọ́n wà. Nínú èdè wọn, àmì abẹ́ lẹ́tà jẹ́ àmì ohùn. Àlejò ni ẹ wa nínú ilé oníle. Nígbà tí a bá wá fi àmì ohùn lé e, ó di ẹ́, kò sì sí nọ́ńbà kankan fún odidi èyí. Ẹ ni a ó kọ́ kọ, lẹ́yìn náà ni a ó wá gbé àmì òkè tẹ̀lé e bí ẹni gbé fìlà lé orí. Ẹgbẹ́ náà sì ti pinnu pé àwọn kò ní fi nọ́ńbà odidi fún irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí pé yóò da àwọn ìwé tí ó ti wà nílẹ̀ rú.

Nípa báyìí, ọ̀nà tí a lè gbà kọ ẹ́ kan ṣoṣo pọ̀. Ẹnì kan lè kọ ẹ kí ó fi àmì òkè lé e. Ẹlòmíràn lè kọ e lásán, kí ó fi àmì abẹ́ sí i, kí ó sì fi àmì òkè lé e. Ẹ̀kẹta lè mú é odidi kí ó fi àmì sí i lábẹ́. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, kọ̀ǹpútà ni kò lè mọ ìjọra wọn, àfi bí a bá sọ fún un. Python sì ní irinṣẹ́ tí ń sọ ọ́ di ọ̀kan, unicodedata ni wọ́n ń pè é. Àǹtí tẹ ìlà mẹ́rin. Lójú ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ọ̀rẹ́ mi wọlé bá tèmi. Àǹtí wo Bọ̀dá, ó ní, "Ẹ ṣe é ní C ká rí i." Nítòótọ́, nínú irinṣẹ́ tí ó bá C wá láti ilé, kò sí irú rẹ̀, àfi kí a lọ yá a níta. Rust náà ní láti yá a. Inú Àǹtí dùn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti Bàbá kò wọlé síbẹ̀.

Bọ̀dá kò sọ̀rọ̀. Ó ti jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ wọlé nítorí òjò, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó. Ó ní, "Ẹ má wo ojú ọ̀rọ̀ mọ́, ikùn rẹ̀ ni kí ẹ wò." Ó mú ẹ̀ tèmi àti ẹ̀ ti Bàbá, ó fi xxd tú wọn sílẹ̀ sí báìtì, ìyẹn àwọn ẹyọ kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́. Tèmi jáde báyìí: e1 ba b9 cc 80. Ti Bàbá ní: 65 cc a9 cc 80. Ó tú tèmi palẹ̀ sí e lásán àti àmì abẹ́, ó wá di 65 cc a3 cc 80. Ó fi ìka sí i. A3 ni tèmi, a9 ni ti Bàbá. Ẹyọ kan ṣoṣo. Gbogbo ìyàtọ̀ tí ó lé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rin jáde kò ju 3 àti 9 lọ.

Nígbà tí a sọ lẹ́tà náà di ńlá lójú kọ̀ǹpútà ni a tó rí i. Lábẹ́ ẹ tèmi, àmì róbótó kékeré ni ó wà. Lábẹ́ ti Bàbá, ìlà kékeré òòró ni. Lójú Unicode, nǹkan méjì tí kò bára tan ni wọ́n, kò sì lè sọ wọ́n di ọ̀kan fún gbogbo ayé, nítorí pé àwọn onímọ̀ ìró èdè ń fi ìlà náà ṣe iṣẹ́ mìíràn: wọ́n ń fi í sábẹ́ kọ́ńsónáǹtì tí ó dá dúró gẹ́gẹ́ bí sílébù. Irinṣẹ́ Àǹtí kò jẹ̀bi. Bàbá kò jẹ̀bi. Linux kò jẹ̀bi. Ẹ wò ó bí ọ̀ràn ṣe máa ń rí.

Ibi tí a ti ń sinmi lẹ́yìn èyí ni mo ti béèrè ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́. Bọ̀dá bi C, ó ní 11, nítorí pé báìtì ló ń kà. Àǹtí bi Python, ó ní 5: Ọ kan, àmì kan, y kan, ọ kan, àmì kan. Bí a bá fi bí ọ̀rẹ́ mi ṣe tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù bi í, 7 ni yóò pè é. Àbúrò wa ní Rust kì í dáhùn ìbéèrè tí kò yé e. Bí o bá béèrè báìtì, yóò ní 11, bí o bá béèrè àmì, yóò ní 5, ìwọ ni kí o mọ ohun tí o ń wá. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé òun ló bí Rust. Ìgbà náà ni wọ́n dìde sí ara wọn. Àǹtí ní èdè tí ń sọ pé Ọ̀yọ́ ní lẹ́tà mọ́kànlá kò yẹ ní fífi kọ́ ọmọ ènìyàn. Bọ̀dá ní Python ń bo òtítọ́ mọ́lẹ̀ fún wọn ni, báìtì mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní lè rí a3 láéláé. Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ Bọ̀dá wọ̀ mí létí, torí pé òun ló rí i. Àbúrò wa wá sọ pé èdè kan wà tí ń jẹ́ Swift, tí ó ń ka Ọ̀yọ́ sí mẹ́ta, bí gbogbo wa. Gbogbo wọn dákẹ́ díẹ̀.

Mo ní, "Ẹ bi í léèrè Ẹ̀gbá." C ní 9. Python ní 5. Àbúrò wa ní Swift yóò pè é ní 4. Mo ní, "Mẹ́ta ni. Ẹ, gb, á. Lẹ́tà kan ni gb nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa." Bọ̀dá fọwọ́ lérí.

Láti orí èyí ni àbúrò wa ti mú Yorlang wá sínú ọ̀rọ̀. Èdè kọ̀ǹpútà kan ni, Anuoluwapo Karounwi ni ó kọ ọ́, ọ̀rọ̀ Yorùbá ni ó sì fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ: jẹ́ kí, sọ pé, ṣé, tàbí. Ó ní bí ọmọ ọdún mẹ́wàá ní Ìtòrí bá lè ka àṣẹ yìí, kí ló kù? Bọ̀dá ní ohun ìṣeré ni, ta ni yóò fi kọ ètò báǹkì? Ní tèmi, mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ní àròyé kan sí i. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo if, ṣé ni ó lò. Ṣé ni a fi ń béèrè. Bí ni a fi ń gbé ìpín kalẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, máa lọ. A kì í sọ pé ṣé òjò rọ̀, máa lọ. Àmọ́ nígbà tí mo ronú sí i, ẹ̀rọ náà ń béèrè lóòótọ́ kí ó tó mọ ọ̀nà tí yóò gbà, nítorí náà mo fi ẹjọ́ mi sílẹ̀ ní ìdajì. Ẹ̀yin olùkọ́ gírámà, ẹ bá wa dá sí i.

Ó ku kí n lọ bá Bàbá. Mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ìsinmi, Bàbá. Ẹ̀rọ náà kò rí àwọn ọ̀rọ̀ yín."

"Kò rí i? Ṣé kò kàwé ni?"

"Ìlà ni ẹ fi sábẹ́ ẹ, Bàbá. Àmì róbótó ni ó mọ̀."

Ó dákẹ́. Ó ní, "Ìlà ni tíṣà tèmi kọ́ mi. Bí o bá fi yíǹkì kọ àmì róbótó sórí ìwé burúkú, yóò tàn kálẹ̀ tàbí yóò dá ihò sí i, wọn kò sì ní mọ̀ bóyá eṣinṣin ló yàgbẹ́ síbẹ̀. Ìlà kò ṣeé ṣì mú. Ọmọ mi ló bá mi wá a sórí kíbọ́ọ̀dù, ó rí i, mo sì tẹ̀ ẹ́." Ó gbé ìwé àtijọ́ kan jáde, ìlà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo mọ̀ pé kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Láti ìpàdé tí àwọn ìjọ CMS ṣe ní Èkó ní ọdún 1875 lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, títí dé àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974, àmì abẹ́ lẹ́tà kò kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n títí di òní, àwọn ìwé tí wọ́n fi ìlà tẹ̀ wà, àwọn tí wọ́n fi àmì róbótó tẹ̀ sì wà, kò sì sí òǹkàwé tí ń tìtorí rẹ̀ kọsẹ̀. Abẹ́òkúta wa yìí kan náà ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní ọdún 1859. Ojú ẹni tí ń kàwé ti gba ohun púpọ̀ mọ́ra láti ìgbà náà. Ẹ̀rọ ni kò gbà.

Bàbá wá bi mí, "Ṣé ẹ ó wá yí tèmi padà ni?"

Ìbéèrè yìí ni mo gbé padà sí ṣọ́ọ̀bù, òun ni ó sì le jù nínú gbogbo ohun tí a ti jà lé. Àǹtí ní kí a yí gbogbo ìlà sí àmì róbótó, kí ó sì tán. Ìwé kan, àkọtọ́ kan. Ó ní ẹ̀tọ́. Àbúrò wa, ẹni tí mo rò pé ọ̀rọ̀ Rust nìkan ló mọ̀, ni ó sọ pé rárá: ohun tí Bàbá kọ ni Bàbá kọ. Kí a fi í sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Kí ètò náà máa ṣe ẹ̀dà kan fún ara rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kí ó sọ ìlà di àmì róbótó nínú ẹ̀dà náà, kí ó fi ìyẹn wá ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò bá gbé e jáde, kí ó gbé tí Bàbá jáde. Mo gbè é lẹ́yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè tí ó bá ń tún ọ̀rọ̀ ẹni tí ń ránṣẹ́ kọ kí ó tó jẹ́ ẹ, iṣẹ́ tirẹ̀ ni ó ń jẹ́.

A ṣe é báyìí. A kọ́kọ́ tú gbogbo lẹ́tà palẹ̀ sí e, o, s lásán àti àmì wọn. Níbi tí ìlà bá ti tẹ̀ lé e, o tàbí s nìkan, a fi àmì róbótó rọ́pò rẹ̀. A kò fọwọ́ kan ìlà níbòmíràn, kí a má bàa ba iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ìró jẹ́. Lẹ́yìn náà ni a tún un dì padà. Kò ju ogún ìlà lọ nínú Python. Bọ̀dá kò lè sùn, ó tún odidi rẹ̀ kọ ní C ní òru, ó gùn tó ìlíkì màlúù, ó sì mú un wá lówùúrọ̀ pẹ̀lú ojú pupa. Ó ní tòun yá ju ti Àǹtí lọ. A dán méjèèjì wò. Kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ yá tó láti mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n a gbóríyìn fún un, torí pé ó dàgbà jù wá lọ, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì ni.

Mo béèrè ẹ. Gbogbo wọn jáde, tèmi, ti ọ̀rẹ́ mi àti ti Bàbá, ìlà àti àmì róbótó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ̀kọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Orúkọ ewéko mẹ́tàlá wà nínú ti Bàbá tí n kò tíì rí nínú ìwé kankan.

Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo gbé e lọ fún Bàbá. Ó gbà á, ó wọ awòjú rẹ̀, ó kà á fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí mo padà lọ, ó ti fi bírò pupa yí nǹkan bí ogójì ibi ká. Ó ní ta ni ó to ìwé yìí tí gbọ̀ngàn fi ṣáájú gèlè? Ṣé ẹni náà kò mọ̀ pé a ó ka gbogbo ọ̀rọ̀ g tán kí a tó dé orí gb? Mo wò ó, òótọ́ ni: kọ̀ǹpútà rí g, ó rí b, ó sì ní b ṣáájú e.

Àǹtí ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ètò tí yóò tún un tò, ní Python. Àbúrò wa ní lọ́tẹ̀ yìí, Rust ni àfi. Bọ̀dá kò tíì sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n lánàá, nígbà tí mo kọjá ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ti wà ní títì, jẹnẹrétọ̀ sì ń dún lẹ́yìnkùlé.